Mọ́tò Kékeré àti Àyè Kan Tó Kù

Gull Arm,
Newfoundland.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Noreen, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo sì ni òtútù ọ̀hún lọ́dọ̀ yín ní Alberta? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìlera, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé kà lórí ìdúró. Ara àwa náà le koko. Bàbá àgbà ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń pàṣẹ. Èmi gan-an, inú mi dùn débi pé orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ṣé o rántí mọ́tò pupa kékeré tí o ní kí n rà? Mo ti ń bá a gbé fún oṣù márùn-ún báyìí, mo sì ti mọ ìwà rẹ̀ bí ẹni mọ ìwà ọmọ inú ilé. Kì í mu epo púpọ̀. Híítà rẹ̀ tètè ń gbóná ju síítóòfù mi lọ. Bí mo bá tẹ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ń gba igi ìdáná, àpò ọ̀dùnkún méjì, àti ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Bàbá fi ń rìn. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá kó sí kòtò, eyín wa a máa pàdé ara wọn.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi Cyril kò jẹ́ kí n sinmi. O mọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìgbàkígbà tó bá ti rí mi ni yóò bẹ̀rẹ̀: "Sístà Loretta, níbo lẹ ti rí àpótí bàtà tó ní iná níwájú yìí? Ẹ má wà á jáde lọ́jọ́ atẹ́gùn o, ká má baà máa wá yín kiri lójú sánmà!" Èmi náà á ní, "Tìrẹ ńkọ́, tó jẹ́ pé àkàbà lo fi ń gùn ún?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Bàbá, Àǹtí Philomena, ṣì ń gbé inú ilé tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí ní Erékùṣù Mercer. O sì mọ̀ pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, láti ìgbà tí Bàbá ti ta ọkọ̀ ìpẹja bàbá wọn láìsọ fún un. Ìjọba ti ń kó àwọn ará erékùṣù náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìròyìn wá dé pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò pa iná mànàmáná ibẹ̀, tí fẹ́rì, ọkọ̀ omi tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò, kò sì ní í dé ibẹ̀ mọ́. Àǹtí fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ontario. Bàbá gbọ́ ọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi ṣíbí lélẹ̀, ó ní, "Loretta, gbé mi lọ. Bí n kò bá lọ lónìí, ojú mi lè má tún kan Philomena mọ́."

Cyril ní ọkọ̀ òun ni ká fi lọ, nítorí ẹrù Àǹtí. A gbìyànjú, ọmọ mi! Cyril ń ti Bàbá láti ìsàlẹ̀, èmi ń fà á láti òkè, ṣùgbọ́n ìbàdí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kọ̀ jálẹ̀. Bàbá pariwo: "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ṣé ọ̀run lẹ fẹ́ gbé mi lọ ni?" Ó rìn lọ sídìí mọ́tò pupa, ó jókòó, ó yí ẹsẹ̀ wọlé, ó de bẹ́líìtì. Ó parí. Cyril ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn.

Nígbà tí a dé èbúté, atẹ́gùn ti ń ru omi sókè, fẹ́rì sì ti ń kún. Wọ́n ní kò ní í sí òmíràn títí ìjì yóò fi kọjá. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Clem na ọwọ́ dí wa lọ́nà: "Ó ti tán o!" Bàbá ń wo omi. Mo sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, mo ké pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo mọ́tò mi dáadáa!" Clem wò ó. Ó padà sínú fẹ́rì, ó fi ìṣísẹ̀ wọn àyè kan tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún wá fi ìṣísẹ̀ wọn mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá lè fi ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, tiyín nìyẹn."

Fi ẹ̀yìn! Èmi tí mo máa ń yí gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì po kí n má baà fi ẹ̀yìn rìn! Clem ń ké, "Ẹ máa bọ̀, ìyá, ọ̀tún díẹ̀, ẹ máa bọ̀!" Bàbá ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Fara balẹ̀. Ṣe bí ẹni ń gbé ọkọ̀ ìpẹja wọ èbúté." Clem wá lu orí mọ́tò: "Ó tó!" Àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Gbogbo àwọn tó wà nínú fẹ́rì hó yèè! Cyril, tí kò ráyè wọlé, bọ́ fìlà lórí, ó ń jù ú lókè: "Àpótí bàtà, o kú iṣẹ́ o!"

Nígbà tí a dé erékùṣù, Àǹtí Philomena dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi. Kò yẹ kí n ta ọkọ̀ náà láìsọ fún yín." Àǹtí tú apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ambrose, ṣé gbólóhùn kúkúrú yìí ló gbà ọ́ ní ọdún mọ́kàndínlógún? Wọlé, tíì ń tutù." Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Ìjì jà títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bó ṣe rọlẹ̀, mo gbé àwọn méjèèjì yí erékùṣù náà ká. Wọ́n jókòó sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń jiyàn. "Ilé àwọn Hanrahan nìyí." "Irọ́ ni! Tiwọn nìyẹn, ibẹ̀ ni ajá ti bù ọ́ jẹ ní ìdí!"

Fẹ́rì ìkẹyìn dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọkọ̀ Cyril kò sí níbẹ̀, Àǹtí bá ní ohun tí mọ́tò bá gbà ni òun yóò mú. Ó mú kúbùsù tí ìyá wọn fi àjákù aṣọ rán, ó mú kẹ́tùlù, ó mú aago ara ògiri. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì í, ó ní apẹja kan lè nílò ibi tí yóò sá wọ̀ nígbà ìjì. Nígbà tí a wà láàárín omi, ó béèrè pé, "Ontario jìnnà. Loretta, ṣé yàrá Noreen ṣófo?" Mo ní ó ṣófo. Ọmọ mi, dárí jì mí, orí ibùsùn rẹ ló ń sùn báyìí.

Láàárọ̀ yìí, mo wá àwọn méjèèjì títí nínú ilé, n kò rí wọn. Mo bọ́ síta, mo bá wọn nínú mọ́tò, bẹ́líìtì lára, kẹ́tùlù lórí ẹsẹ̀ Àǹtí. Mo ní, "Níbo là ń lọ?" Bàbá ní, "A kò tíì mọ̀. Ṣáà tan mọ́tò ná."

Kí Olúwa ṣọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ lórí yìnyín, kí ó bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ọ̀nà tí o gbà lọ má gbàgbé láti mú ọ padà wálé.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń yọ̀ lórí rẹ,
Loretta.

Àfikún: Àǹtí Philomena ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ rẹ, ìwọ tí o mọ̀wé, bóyá wọ́n ń fún ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ní ìwé ìwakọ̀. Jọ̀ọ́, má tètè dáhùn.