Ẹsẹ̀ Mi Lẹ́yìn Bàbá Àgbà

Bàbá Kékeré mi ní Doha,

Ẹ forí jì mí pé èmi ọmọdé gbójú láti kọ̀wé sí yín. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Òjò ò dá níbí, ṣùgbọ́n ikọ́ Ìyá ti rọlẹ̀.

Ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bíi tèmi ò gbọdọ̀ máa fẹsẹ̀ wọ́ àgbà lára nínú kalari, ilé tí a ti ń kọ́ ìjà tí a sì ti ń wọ́ra. Ẹ̀rù yín ń bà mí, àmọ́ mi ò gbà. Bàbá Àgbà, tí ìbàdí wọn ti gan, fúnra wọn ló na okùn tí a so mọ́ àjà sí mi, kí n lè dì í mú bí mo bá ń fẹsẹ̀ wọ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ṣé òróró tí o fi pa mí lẹ́yìn lo fẹ́ máa wò ni? Gun ẹ̀yìn mi, jàre.” Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, mo tọrọ ìyọ̀ǹda, mo gun ẹ̀yìn wọn, mo sì fẹsẹ̀ wọ́ wọn. Láàárọ̀ yìí, wọ́n dá dìde lórí ẹní. Màá tún fẹsẹ̀ wọ́ wọn lọ́la.

Kí Bhagavathi, abo-òrìṣà wa, ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mi gbọ́ nípa lẹ́tà yìí. Wọ́n rò pé mo ti jáwọ́ nínú wíwọ́ra yìí.

Ọmọ yín,
Nivedya