Èérí Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Rẹ

Ayọ̀midọ̀tun ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara ilé le, ṣé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yín ní Ìkòròdú kò mú ọ lómi jù? Ọlọ́run tó so wá pọ̀ kò ní jẹ́ kí okùn náà já. Ara mi le. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Síkírù awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí fóònù kì í gba ọ̀rọ̀ tó gùn, ó máa ń ní owó ti tán.

Bàbá rẹ ṣì wà ní ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gan bíi kànrìnkàn tó gbẹ, pé ẹ̀rọ kan yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì dá a padà sí i lára. Mo ní ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣàìsàn, ẹ ò ṣe sẹ́ ẹ̀dọ̀fóró? Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó ń bà á jẹ́ ń gbà kọjá. Ó ní kò dájú, ṣùgbọ́n ó lè fún un láyè díẹ̀. Ó yé mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sẹ́ ògì.

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n sẹ́ ẹ. Mo gbé abọ́ onídèérí lọ, mo jókòó dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n parí, mo ní kí nọ́ọ̀sì Mùlíkátù bu èérí rẹ̀ fún mi. Ó ní èérí wo? Mo ní ṣé ìyá rẹ̀ kò sẹ́ ògì rí ni? Èèyàn kì í fi ohun tó jáde lára ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò, èékánná rẹ̀ gan-an, inú ilẹ̀ ni mo ń bò ó mọ́. Ó ní wọn yóò sun ún níná. Mo ní kí wọ́n bu eérú rẹ̀ wá nígbà náà. Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Mo ti ní kí Fọlọ́runṣọ́ aládùúgbò wa gbẹ́ ihò dè é, nídìí àgbọn tí a sin ibi rẹ sí nígbà tí mo bí ọ.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tún un sẹ́, bàbá rẹ sì kọ̀. Ó ní ta ló mọ ohun tí asẹ́ ń mú dúró, bó bá jẹ́ ojú rẹ ni òun máa gbàgbé sínú èérí ńkọ́? Ó ní àfi tí òun bá kọ́kọ́ rí ọ. Mo ní ògì tí a sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ògì náà ni. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ń pe orúkọ rẹ, ìdajì ni èémí ti ń gé e. Láti ọjọ́ Ajé, ó ń pè é tán. Ẹ̀rù ń bà mí, Ayọ̀midọ̀tun.

Owó ọwọ́ mi ti ń lọ sópin, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Rárá, má fi ránṣẹ́, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ọ̀nà yóò là fún ọ, o kò ní bá òfò nílé.

Ihò yẹn kò tóbi, abọ́ lásán ló gbà. Fọlọ́runṣọ́ bi mí lánàá bóyá kí òun fẹ̀ ẹ́ sí i. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàlílátù