Wòlímà Malikah ní Ìfọ́n

Agbolé Abọ́dúnrìn,
Ìlobù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2023.

Alága,
Kóòtù Ìbílẹ̀,
Ìlobù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ BÍ Ọ̀GBẸ́NI MANSUR OYÈDÌRAN ṢE TÀPÁ SÍ ÀṢẸ KÓÒTÙ LÓRÍ MALIKAH, ỌMỌ WA

1. Aránṣọ ni mí, ọmọ bíbí Ìlobù. Èmi àti ọkọ mi, Mansur Oyèdìran ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ń ṣẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́ níwájú yín. Ẹ ti pàṣẹ pé kí Malikah, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, máa gbé lọ́dọ̀ mi títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí bàbá rẹ̀ sì máa fi oúnjẹ ránṣẹ́.

2. Oúnjẹ kò wá. Mo gbé ìyẹn mì. Ohun tí n kò lè gbé mì ni ìwé tí ó kọ sí yín pé kí ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní aṣọ rírán nìkan ni mo gbájú mọ́, pé Malikah kò mọ kéú, àti pé bí ọ̀ràn ìjà ilẹ̀ ṣe wà láàárín ìlú méjèèjì, ọkàn òun kò balẹ̀ kí ọmọ Ìfọ́n máa sùn ní Ìlobù. Ẹ̀yin ọ̀gá, gbogbo ọdún tí èmi ọmọ Ìlobù fi sùn ní Ìfọ́n, n kò gbọ́ kí ọkàn ẹnikẹ́ni má balẹ̀ nítorí tèmi.

3. Kí ẹ tó fèsì, ó wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan pé kí ọmọ wá kí ìyá òun. Mo jẹ́ kó lọ, kò sì dá a padà. Mo pè é títí, kò gbé fóònù. Orí máṣíìnì ni mo ti ń sunkún. Àṣé nígbà tí ọmọ dé ọ̀hún ni bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tó ń ka Àlùkùráánì lẹ́yìn ìrun. Dípò kí ojú tì í, ó dá ọjọ́ wòlímà, kí ayé lè rò pé ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ ti rí ẹ̀sìn.

4. Ẹ mọ àṣà wa. Bí ọmọ bá kà tán níbi wòlímà, wọn á bi í pé ta ni olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ náà á sì bọ́ síwájú kí wọ́n tó ṣe àdúà. Mansur ti mú àfáà kan tí Malikah kò mọ̀ rí jókòó sí àyè olùkọ́, ó gbàgbé pé ọmọ ni wọn yóò bi, kì í ṣe òun. Bí wọ́n ṣe ròyìn ọjọ́ náà fún mi, Malikah kà á láì ṣì í kà. Àfáà Àmúdà, àgbà wọn níbẹ̀, bi í. Ó dáhùn pé: “Màmá mi ni. Tí wọ́n bá ń ránṣọ, wọ́n á ní kí n jókòó ti àwọn kí n máa kà á.” Òótọ́ ló sọ. Bí bàbá mi olóògbé ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe kọ́ ọ. Àfáà Àmúdà ní òun kò ní ṣe àdúà lórí irọ́, kí wọ́n lọ pe olùkọ́ wá. Bí àbúrò ọkọ mi, tí kì í dáhùn bí mo bá kí i, ṣe gun ọ̀kadà wá bẹ̀ mí nìyẹn.

5. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ, òwú ṣì wà lára ìborùn mi. Wọ́n ní kí àfáà ọ̀hún dìde, mo sì jókòó. N kò ní parọ́ fún kóòtù, inú mi dùn débi pé n kò gbọ́ ìdajì àdúà náà. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ìyá ọkọ mi, Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, fa ọmọ lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọ tirẹ̀ pé: “Ìwọ lo pe gbogbo wa wá gbọ́ ọ, Mansur. A ti gbọ́.”

6. Láti ìgbà náà, àwọn òbí ti ń mú ọmọ wá fún mi láti kọ́ ní kéú, àwọn ará Ìfọ́n sì wà nínú wọn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ da ìwé ọkọ mi nù, kí ẹ jẹ́ kí Malikah wà lọ́dọ̀ mi títí ìdájọ́ yóò fi dé. N kò ní kí bàbá rẹ̀ má rí i. Ṣùgbọ́n bó bá mú un lọ, kó dá a padà ní ọjọ́ tí a bá jọ fi àdéhùn sí. Ẹ rán an létí oúnjẹ pẹ̀lú. Ìyá ọkọ mi gbé iṣu wá ní àná, ó sì ní bí mo bá ń kọ̀wé sí yín, kí n má kọ ọ́ pé Mansur ló fi ránṣẹ́.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ pe Malikah síwájú yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè tí Àfáà Àmúdà bi í. Ó ti dáhùn rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù ka ẹjọ́ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Hàfúsátù Abọ́dúnrìn,
Aránṣọ àti Olùkọ́ Kéú.