Àmín Tí Wọ́n Kà Mọ́ Ìbò

Béyerúnka, Ìbàdàn.

Mutmainnah, ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ, kí ó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ ní Èkó. Ara wa le, ìyá rẹ ń kí ọ. Kí n tó ròyìn ilé, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún tí o wọ yunifásítì, o dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí, mo sì lé ọ síta lójú gbogbo ènìyàn, mo ní ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ti ọmọ obìnrin. Èmi olùkọ́, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀! Dárí jì mí. Mo ti rí ibi tí ọgbọ́n àwa ọkùnrin gbé ilé dé.

Ìjọba ló fẹ́ràn wa lójijì. Wọ́n ní àdúgbò wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ibùgbé mọ́, ibi ìtajà ńlá ni kí ó dà. Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí tí wọ́n rán wá gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri mọ́sálásí. Ó dára púpọ̀. Mo wá ilé wa títí, àfi ìgbà tí mo rí i pé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n sọ ọ́ dà, tí àwọn ènìyàn tínínrín tí kò lójú tí kò nímú ń gbé báàgì kọjá. Mo bèèrè ọmọ ilé ta ni wọ́n. Akínwùmí ní àpẹẹrẹ lásán ni. Mo ní àwọn baba wa tí a sin sábẹ́ pálọ̀ ńkọ́, ṣé a ò ní bèèrè lọ́wọ́ wọn? Ó ní wọn kò sí nínú ìwé olùdìbò. Ẹnu yà mí, nítorí wọ́n máa ń dìbò dáadáa nígbà tí a bá ń yan aṣòfin.

Ṣùgbọ́n ìjọba àwa-ara-wa là ń ṣe. Wọ́n ní àwa aráalé fúnra wa ni yóò pinnu, kí á ṣáà nawọ́ sókè. A pé jọ sí àgbàlá. Akínwùmí sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi mú wa. Ááfà Abdulmumin rò pé ó ti parí, ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúà ìkádìí, gbogbo wa sì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè bí a ti ń ṣe. Àṣé ìgbà yẹn gan-an ni Akínwùmí ń sọ pé kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kà. Èmi ni mo ṣe àmín tó gùn jù. Qúdrát, ìyàwó Gàfárù àbúrò mi, tó gbé ọmọ sọ́wọ́, nìkan ni kò nawọ́. Ó pariwo pé ẹ̀yin bàbá, ṣé àdúà lẹ̀ ń ṣe ni, àbí ilé lẹ̀ ń tà? Mo ní kí ó panu mọ́, obìnrin kì í da àdúà rú. Ìgbà tí Akínwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ pé a gbà tọkàntọkàn ni mo tó mọ ohun tí a ṣe.

A sáré tẹ̀lé e dé ọ́fíìsì. Ááfà ń búra pé Ọlọ́run lòun ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìjọba. Wọ́n gbà kí á tún ìbò náà dì ní Sátidé tó ń bọ̀: yàrá kan, ìbò kan, ẹni tó ni yàrá ni yóò ju ìwé sínú àpótí. A kò sì gbọdọ̀ ṣe àdúà títí wọn yóò fi kà á tán. Bí rárá bá pọ̀ jù, wọn á fi ilé wa sílẹ̀.

Ilé ti pín sí méjì ọgbọọgba. Gàfárù ń fẹ́ kí wọ́n wó o. Ó ti ń ná owó gbà-máà-bínú lẹ́nu kí wọ́n tó san án. Ìbò kan ṣoṣo ló kù tí a ń wá. Àwọn tí a jọ ń sọ pé rárá ní kí n fi yàrá ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣebí èmi ni mo ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ síbẹ̀.

Mutmainnah, yàrá yẹn kì í ṣe tèmi. Ìwọ ni ìyá mi fi í sílẹ̀ fún. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún kí ó tó kú, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì nítorí pé obìnrin ni ọ́.

Bí o bá ń bọ̀ wá dìbò rẹ ní Sátidé, bá mi ra bátìrì rédíò, kí o sì fi nǹkan há ìyá rẹ lọ́wọ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù fún èmi náà, mi ò ní bínú. Ọlọ́run yóò mú ọ gúnlẹ̀ láyọ̀, ọmọ tìrẹ náà yóò gbà ọ́ níyànjú, wàá sì gbọ́ tirẹ̀ ju bí mo ti gbọ́ tìrẹ lọ.

Mi ò ní sọ ohun tí wàá dì fún ọ. Bí ti Gàfárù bá tẹ́ ọ lọ́rùn, màá di ẹrù mi. Mo ti kó ìwé ìròyìn mi jáde, mo sì ti gbálẹ̀ ibẹ̀. Mo fi tépù lẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Gbà á.

Bàbá rẹ,
Sàlámì