Ìdúró Mẹ́jọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kàǹga ẹ̀yìnkùlé ti ní omi. Ǹ bá sọ ìyẹn nìkan kí n sì dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà nídìí rẹ̀, mi ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè kọ ọ́ sí.

Kí ẹ tó kú, ẹ sọ fún mi pé omi ilẹ̀ wa wà ní ìdúró mẹ́jọ. Láti Fìdítì dé Awẹ́, kò sí agbẹ́kàǹga mìíràn tó ń bá yín jiyàn lórí omi. Ẹ máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn á sì dúró dè yín. Èmi tí mo jókòó tì yín, mi ò béèrè ohun tí ìdúró kan jẹ́. Mo ṣáà ka ìwé mẹ́wàá, mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ènìyàn tó dúró ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ọ̀nà mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, Màmá ń pọn omi láti ilé kejì. Mo pe agbẹ́kàǹga méjì láti Akínmọ̀ọ́rìn. Mi ò dárúkọ ìdúró fún wọn rárá, ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé lójú mi. Ẹsẹ̀ bàtà ni mo sọ, mo sì di téèpù mú létí kòtò. Nígbà tó pé méjìdínláàádọ́ta, iyẹ̀pẹ̀ tó ń jáde ṣì gbẹ bí èlùbọ́. Àwọn ọkùnrin náà ní kí àwọn tún wọlẹ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, níbi ìpàdé ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé ẹ kàn ń fojú díwọ̀n ni, àti pé oríire ló ń bá yín rí omi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, Bàbá?

Mo délé, mo tún un sọ fún Màmá. Ó sọ garawa orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi ìka kan ògiri.

“Ìka ọwọ́ ni ìdúró bàbá rẹ ń parí sí. Tàbí orí ni wọ́n fi ń gbé garawa jáde nínú kàǹga ni, ìwọ ọ̀mọ̀wé?”

Ó wá ṣàlàyé. Ẹ ó dúró ní ìsàlẹ̀ kàǹga, ẹ ó na ọwọ́, ẹ ó fi ìka fa ilà sára ògiri. Ẹ ó gun àwọn ihò ẹsẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yín yóò fi bá ilà náà dọ́gba, ẹ ó tún fa òmíràn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ń kà á bọ̀ wá sókè. Ó ní ìka yín fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ti òun lọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ náà kún un, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà méje àtààbọ̀. Ọ̀nà mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta.

Mo ránṣẹ́ pe àwọn ará Akínmọ̀ọ́rìn padà. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà kan kí ó pé ọgọ́ta tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ fi kígbe pé òun ti ń tẹ ẹrẹ̀. Nígbà tó dọjọ́ kejì, omi ti mu ún dé ìbàdí. Màmá bu ti àkọ́kọ́, ó fi bọ́jú. Ṣé ó ti sọ ohun tí mo sọ nípa yín fún yín ni?

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo dìde níbi ìpàdé láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní ohun tí mo sọ nípa bàbá mi kì í ṣe òótọ́.

“Bàbá wo?” Akọ̀wé ìpàdé wo ojú mi. “Kí lo sọ nípa wọn?”

Mo wo gbogbo wọn lójú. Kò sẹ́ni tó rántí. Wọ́n ní kí n jókòó, pé àsìkò ń lọ.

Èmi nìkan ló rántí, Bàbá. Kò wá sí ẹni tí mo lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àfi ẹ̀yin.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò béèrè, tó sì fẹ́ràn yín.