Abẹ́rẹ́ Kan fún Gbogbo Ìlú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí sókè lórí rédíò kí Jákọ́bù ọkọ mi lè gbọ́. Ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tó ti fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run. Ẹ má dárúkọ tèmi. Jákọ́bù pọ̀ ní Ayétòrò, wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni.

Jákọ́bù, sírínjì tí o fi ń kán epo sínú ẹ̀rọ ìránṣọ wa ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa láti ra òmíràn. Ẹni tó ń ta oògùn ní, “Ìyá, òfin ò gbà á láìsí ìwé dókítà. Ta lẹ fẹ́ gún lábẹ́rẹ́?”

O mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé: ní Ayétòrò, àjọni ni ohun gbogbo, a kì í sọ pé “tèmi ni”. Mo ní, “Ti gbogbo wa ni. Gbogbo ìlú ni yóò jọ máa lò ó.”

Ó fò dìde. “Abẹ́rẹ́ kan? Gbogbo ìlú? Ẹ fẹ́ pa ara yín tán ni?”

“Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fẹ́ rọ epo sí.”

“Ẹ gbé e lọ fún dókítà nígbà náà, kó yẹ̀ ẹ́ wò!”

Àrìnpé, tí a jọ ń ránṣọ, ní kí n lọ sọ fún dókítà pé ibà ń ṣe mí. O mọ̀ pé ẹnu mi ò gba irọ́.

Olóòtú, ẹ̀yin olùgbọ́, òfin náà dára, ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe?

Jákọ́bù, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni mo ń rì bọ epo báyìí, mo fi ń kán an sí i. Ẹ̀rọ náà ń ké díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ránṣọ. N kò ní jẹ́ kó dákẹ́.