Ẹni Tí Wọ́n Fi Ṣàpẹẹrẹ

Fìdítì, Ọjọ́rú, 1974

Àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lónìí. Mo ní bí Òyìnbó bá ní ẹnì kan kún fún ẹ̀wà, "full of beans", ó túmọ̀ sí pé ara onítọ̀hún yá gágá, kì í rẹ̀ ẹ́.

Mo ní kí wọ́n fi èèyàn kan ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ kan tó wá láti abúlé Ìmíní dìde. "Ìyá yín ni, sà. Wọ́n máa ń ru apẹ̀rẹ̀ ọsàn sáré bá mọ́tò."

Mo ní ó dára. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Kò tilẹ̀ ṣe mí bíi kí n sunkún.

Màámi ò tíì lè gbé apá òsì láti Sátidé tí àrùn ẹ̀gbà ti dá wọn dùbúlẹ̀. Bí mo ṣe ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu, mo ròyìn kíláàsì fún wọn.

"Ṣé o sọ fún wọn pé mo dùbúlẹ̀?"

"Rárá, Màámi."

"Má sọ. Jẹ́ kí n ṣì máa sáré lójú wọn."